Ọbẹ̀ Ṣílì Ẹran Àgbọ̀nrín: Oúnjẹ Texas Tí Adùn Rẹ̀ Kò Sí Lọ́wọ́ Ọ̀rá

Ọbẹ̀ ṣílì, tí àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ń pè ní chili con carne, jẹ́ ọbẹ̀ ẹran tí a fi ata gbígbẹ sè títí tí ẹran yóò fi rọ̀, tí omi rẹ̀ yóò sì ki, ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jáde. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá a máa gbé ìkòkò wọn wá sí gbàgede ìlú náà lálaalẹ́, wọn a tan àtùpà, wọn a tẹ́ tábìlì, wọn a sì máa bu ọbẹ̀ yìí tà fún àwọn ọlọ́jà, àwọn sójà àti àwọn àlejò, títí di ìgbà tí òfin ìmọ́tótó lé wọn kúrò níbẹ̀ ní àwọn ọdún tó yí 1940 ká. Ní ọdún 1893, wọ́n ta ọbẹ̀ náà níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé tó wáyé ní Chicago. Láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà ni William Gebhardt, ọmọ Jámánì kan tó tẹ̀dó sí ìlú New Braunfels ní Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata gbígbẹ pọ̀ mọ́ àwọn èròjà olóòórùn fún títà, kí ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ náà má baà máa dúró de ìgbà ìkórè ata. Nígbà tí ó fi di ọdún 1977, àwọn aṣòfin Texas kéde ṣílì gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí a mọ ìpínlẹ̀ wọn mọ́.

Ẹran màlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń se é, ọ̀rá líle inú màlúù tí a yọ́ ni àwọn alásè àtijọ́ sì fi ń dín ẹran náà kí omi tó kàn án. Nítorí ọ̀rá yìí ni ọ̀pọ̀ fi ka ṣílì kún oúnjẹ tí ẹni tó bá ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ilé Lyndon Johnson, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, fi hàn pé ọ̀rá náà kì í ṣe dandan. Ní ọdún 1955, nígbà tí Johnson jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù lọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àìsàn ọkàn kọlù ú gidigidi, ìyàwó rẹ̀, Lady Bird, sì yọ ọ̀rá màlúù kúrò nínú ṣílì tí wọ́n ń sè nílé. Johnson fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n fi ẹran àgbọ̀nrín Texas se é ju kí wọ́n fi ẹran màlúù lọ. Orúkọ odò Pedernales, tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn kọjá, ni wọ́n fi pe irú ṣílì yìí, àwọn tó sì ń kọ̀wé béèrè bí a ṣe ń sè é pọ̀ débi pé Lady Bird ní láti tẹ ìlànà rẹ̀ sórí káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Àgbọ̀nrín tí a ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ gan-an, nítorí pé ìwo akọ ti Amẹ́ríkà a máa já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù, nígbà tí ìwo akọ ti ilẹ̀ Yorùbá kì í já títí ẹran náà yóò fi kú. Ní ti ẹran jíjẹ, àwọn méjèèjì jọra ní ti pé ẹran tó ń sá, tó ń fò, tó sì ń wá oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú igbó kì í sanra. Nínú gíráàmù 100 ẹran àgbọ̀nrín tútù tí a ti gé ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, èròjà amúaradàgbà, ìyẹn èyí tí ara fi ń kọ́ iṣan tó sì fi ń tún ara ṣe, tó nǹkan bí gíráàmù 23, ọ̀rá rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 2 àti ààbọ̀ lọ, kálórì, tí í ṣe òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, sì jẹ́ nǹkan bí 120. Ìwọ̀n kan náà ẹran màlúù lílọ̀ tí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá ní gíráàmù 20 ọ̀rá, gíráàmù 17 amúaradàgbà àti nǹkan bí kálórì 254. Ẹran àgbọ̀nrín tún ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó wúlò fún àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù.

Ọ̀rá díẹ̀ tí àgbọ̀nrín ní kì í sábà tàn ká inú ẹran bíi ti màlúù. Abẹ́ awọ àti àyíká kídìnrín ni ó máa ń kó jọ sí. Ó le bí àbẹ́là, ó máa ń dì mọ́ òkè ẹnu bí oúnjẹ bá ti ń tutù, òórùn rẹ̀ sì wúwo, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a fi ọ̀bẹ mímú gé gbogbo rẹ̀ dànù kí ẹran tó dé inú ìkòkò. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní òórùn ìgbẹ́, tí wọ́n sì ń dà á lẹ́bi fún ẹran ọdẹ, ọ̀rá yìí ni ó ń wá láti ara rẹ̀. Ó tún yẹ kí olùrà kíyè sí i pé àwọn alápatà Amẹ́ríkà sábà máa ń po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù mọ́ ẹran àgbọ̀nrín lílọ̀ kí ó lè dì mọ́ra, àǹfààní tí a sì ń wá á fún ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó mọ́ níláti béèrè, tàbí kí ó gé ẹran rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àìní ọ̀rá tó jẹ́ iyì ẹran yìí náà ni ìṣòro rẹ̀ lórí iná. Bí iná bá ti mú ẹran, àwọn okùn tín-ín-rín tí a fi hun ún a máa sún kì, wọn a sì máa fún omi inú wọn jáde; ẹran ọlọ́ràá a ṣì máa rọ ẹnu lọ́rùn nítorí ọ̀rá tó yọ́ sáàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran àgbọ̀nrín tí kò ní ohun tí yóò fi dípò omi náà a gbẹ, a sì le. Ohun tó ń gba alásè là ni kọ́lájìn, ìyẹn iṣan funfun àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so ẹran pọ̀ mọ́ egungun, èyí tó máa ń yọ́ di jẹ́látìn, ohun tó ń fà tó sì ń jọ̀lọ̀, bí a bá se é nínú omi lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Apá tó ṣiṣẹ́ jù lára ẹranko, bí èjìká, ọrùn àti ẹsẹ̀, ni kọ́lájìn pọ̀ sí. Àwọn apá wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń jù sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí wọ́n ń lọ̀ láìronú, ni wọ́n dára jù fún ṣílì. Ìfiṣòfò gbáà ni láti da ẹran ẹ̀yìn, èyí tó rọ̀ jù lọ, sínú ìkòkò yìí, nítorí pé kò ní kọ́lájìn púpọ̀ tí yóò yọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú páànù gbígbóná sì ti tó o.

Ata ni ó ń ṣe ìyókù iṣẹ́ tí ọ̀rá ìbá ṣe. Èyí tí àwọn ará Texas gbẹ́kẹ̀ lé ni ancho, ìyẹn ata poblano tí a jẹ́ kí ó pọ́n kí a tó sá a gbẹ, tó ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ pupa tó ṣú àti adùn tó fẹ́ jọ ti èso gbígbẹ. Guajillo pupa ju ú lọ, ó sì ń ta díẹ̀ sí i. Chipotle, tí í ṣe jalapeño tí a fi èéfín yan gbẹ, ni a ń fi kún un bí a bá fẹ́ òórùn igi. A ó la àwọn ata náà, a ó gbọn hóró wọn dànù, a ó fi ara wọn kan páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí òórùn wọn yóò fi jáde, nítorí pé bí wọ́n bá jóná, ọbẹ̀ yóò korò kọjá àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, a ó sì lọ̀ wọ́n kúnná. Ata lílọ̀ yìí máa ń ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹran, ó sì ń mú kí omi ọbẹ̀ nípọn láìsí ẹ̀kán ọ̀rá kan.

Àwọn ìbátan ata wọ̀nyí ni ó wà nínú ìkòkò gbogbo ilé Yorùbá lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn ní Áfíríkà kí àwọn ará Yúróòpù tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1492. Àwọn ọkọ̀ Potogí ni ó ṣáájú nínú kíkó wọn wá sí etíkun, níbi tí atare àti iyèré ti ń ta ènìyàn lẹ́nu tipẹ́. Tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ancho, nítorí náà ẹni tí kò bá rí ata Mẹ́síkò lè fi tàtàṣé gbígbẹ ṣe ìpìlẹ̀, kí ó sì fi ṣọ̀ǹbọ̀ díẹ̀ sí i fún títa. Ata rodo jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, bí ó bá sì pọ̀, títa rẹ̀ yóò bo adùn ẹran mọ́lẹ̀.

Fún kìlógíráàmù kan ẹran tí a gé wẹ́wẹ́ sí ìwọ̀n orí àtàǹpàkò, ata gbígbẹ ńlá mẹ́fà sí mẹ́jọ, àlùbọ́sà ńlá méjì àti ẹyọ aáyù mẹ́rin ti tó. A ó fi ìnura nu ẹran gbẹ, nítorí pé ẹran tó lómi lára yóò bọ̀ dípò kí ó pọ́n, a ó sì dín in díẹ̀díẹ̀ nínú ṣíbí òróró méjì títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n dúdú díẹ̀. Inú òróró tó kù ni àlùbọ́sà yóò ti rọ̀, kí a tó fi aáyù sí i, pẹ̀lú ṣíbí kékeré méjì kúmínì, ìyẹn hóró olóòórùn tí a yan tí a sì gún, àti ṣíbí kékeré kan ewé oregano ti Mẹ́síkò. Ata lílọ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, a ó dín in fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí òórùn tútù rẹ̀ yóò fi kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ata ọbẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni ẹran yóò padà wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà omi ẹran tí kò níyọ̀. Tòmátì díẹ̀ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ọbẹ̀ tòmátì. Láti ìgbà yìí lọ, ọbẹ̀ náà kò gbọdọ̀ hó kùtùkùtù. Kí ó máa yọ ìfófó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, fún wákàtí méjì sí méjì àti ààbọ̀, tàbí títí tí ẹran yóò fi fọ́ bí a bá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a lè fi omi po ṣíbí méjì ìyẹ̀fun àgbàdo sínú rẹ̀ kí ó lè dì. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹran lílọ̀ kò nílò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n kí inú ẹran náà gbóná dé 71°C kí àwọn kòkòrò àrùn tí lílọ̀ ti pò mọ́ ọn lè kú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Texas. Níbi ìdíje ṣílì sísè ti Terlingua, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, òfin kò gba ẹ̀wà láàyè, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà pé ọbẹ̀ tí ẹ̀wà bá wọ̀ kì í ṣe ṣílì mọ́. A lè bọ̀wọ̀ fún àṣà wọn, ṣùgbọ́n ní ti ìlera, ẹ̀wà ni ó jàre, nítorí pé ẹran kò ní fáíbà, ìyẹn apá inú hóró àti ewébẹ̀ tí ikùn kì í dà tó sì ń mú kí ìgbẹ́ yíyà rọrùn. Ẹ̀wà pupa tó rí bíi kídìnrín, tí àwọn tí kì í ṣe ará Texas sábà máa ń lò, ní májèlé kan nínú bí kò bá jinná, ẹyọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti mú kí ènìyàn máa bì. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ fún ó kéré tán wákàtí márùn-ún, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi mìíràn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìhó gidi fún ìdajì wákàtí kí ó tó wọ inú ọbẹ̀. Ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ jẹ́jẹ́ kì í gbóná tó láti pa májèlé yìí, nítorí náà a kò gbọdọ̀ da ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ sí i ní tútù.

Ewu méjì mìíràn wà tí ata kò lè bò. Ọta ìbọn tí a fi òjé ṣe máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹran, àwọn èérún náà a sì fò jìnnà sí ojú ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé àti ti ọmọ inú oyún jẹ́. Kí a gé ẹran àyíká ọgbẹ́ náà dànù láìṣahun, ó sì sàn kí ọdẹ lo ọta bàbà. Ìkejì ni àrùn kan tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́ tó sì ń mú kí ó rù títí yóò fi kú, tí wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ní Colorado ní ọdún 1967, tí wọ́n sì rí ní Texas ní ọdún 2012. Púríọ́nù ni ó ń fà á, ìyẹn amúaradàgbà tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà, iná ìdáná kò sì lè pa á. A kò tíì rí ẹ̀rí pé ó ran ènìyàn, síbẹ̀ àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn ọdẹ níyànjú pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹran tó wá láti agbègbè tí àrùn náà wà, kí wọ́n má ṣe jẹ èyí tó bá ní i, kí wọ́n má sì fọwọ́ lásán kan ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọdẹ ta ẹran tó pa nínú igbó. Mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ ni ó ń pín in fún, tàbí kí ó fi tọrẹ nípasẹ̀ ètò Hunters for the Hungry, tó ń gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa, iṣẹ́ rere tó tọ́ kí a yìn.

Iyọ̀ ni kí a fi sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn tí omi bá ti fà, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ata inú agolo ni a lò dípò ata gbígbẹ, nítorí pé ó sábà máa ń níyọ̀ tẹ́lẹ̀. A lè fi ìrẹsì, àkàrà àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún sísè jẹ ẹ́, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù lórí rẹ̀, kí wàràkàṣì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rẹ́ sí i sì mọ níwọ̀n. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Kí a pín in sínú abọ́ tí kò jìn, kí ó lè yára tutù, kí a sì gbé e sínú fíríìjì. Ní ọjọ́ kejì, tí ata, kúmínì àti ẹran bá ti wọ ara wọn, ni ó máa ń dùn jù, ọ̀rá tó bá sì wà nínú ọbẹ̀ yóò ti dì sójú rẹ̀, kí a fi ṣíbí kó o kúrò kí a tó gbé e padà sórí iná. Nínú ṣílì àgbọ̀nrín tí a gé ọ̀rá rẹ̀ dáadáa, ohun tí ṣíbí náà yóò rí kó kò tó nǹkan.