Ọmọ Tí Ó Jókòó Lọ́jọ́ Eré Ìdárayá

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ojú mi ni ó ṣe.

Mo lọ wo íńtà-háòsì ilé-ìwé ọmọ ọmọ mi ní pápá Campos. Ìlù ń dún, aṣọ pupa, aṣọ yẹ́lò, ó kún pápá. Mo ń retí ìgbà tí wọn yóò pe tèmi. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo bi í. Ó ní, "Ìyá àgbà, wọn kò mú mi. Àwọn tí ó mọ eré sá nìkan ni tíṣà mú." Abẹ́ àtíbàbà ni ó wà láti àárọ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń jẹ bísíkítì. Ọmọ ọdún 11! Bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa, a máa mí hẹlẹhẹlẹ.

N kò bá ìdíje jà. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwé ń du Ife-Ẹ̀yẹ Grier, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọmọ ní ń sáré nítorí ife. Ara gbogbo ọmọ ni ó nílò eré.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tí ń mú ọkàn lù kìkì fún nǹkan bí wákàtí kan lójúmọ́. Ìṣirò wọn ti ọdún 2016 fi hàn pé nínú 100 ọ̀dọ́ ọdún 11 sí 17 lágbàáyé, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ọmọbìnrin burú jù: 85. Bẹ́ẹ̀ ìgbà èwe ni egungun ń gba agbára tí a ó fi dàgbà.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé fẹnu ko ilé, ọjà gba ojú títì. Níbo ni ọmọ yóò ti sáré bí kò ṣe ilé-ìwé? Kò dìgbà tí pápá bá wà. Súwè, tẹ̀ǹ-tẹ́n àti okùn fífò, àgbàlá kékeré gbà wọ́n. (Èmi náà mọ súwè dáadáa nígbà kan.)

Èmi àti ìyá méjì lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Ó gbà pé kí gbogbo kíláàsì máa fo okùn ní ìdajì wákàtí láràárọ̀, àti ẹni tí ó yára àti ẹni tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ládìde, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà bí eré rẹ̀ yóò ti mọ, kí ẹ sì sọ fún tíṣà. Ẹ má kàn dá a jókòó.

Ní báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni ọmọ mi ti ń fo okùn nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti wá fẹjọ́ sùn pé ariwo pọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n.