Ìwé Owó Ìsọ̀: Bí Èrè Ṣe Yàtọ̀ sí Ojú Owó, àti Bí Sàká Ṣe Ń Pé



Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa nínú Islam, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sàká àti sàráà yín ran àwọn opó àti ọmọ òrukàn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kíkọ ìwé owó. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé báńkì, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó ń yọ sàká, ó sì kan opó tí a fi sàká dá òwò sílẹ̀ fún. Ẹni àkọ́kọ́ kò lè mọ iye tó yẹ kó yọ bí kò bá ní ìwé. Ẹnì kejì lè jẹ ojú owó rẹ̀ tán láìsí olè, láìsí iná, láìsí ìnákúnàá kankan tí ojú rí, kó wá máa bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí owó gbà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti gbà ni pé ìsọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Nínú ìṣirò owó, ìsọ̀ dà bí ẹnì kan tó dá dúró. Bí ìyá kan bá mú owó láti ilé wá sí ìsọ̀, ìsọ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn. Bí ó bá mú owó nínú àpótí ìsọ̀ lọ ra ọṣẹ fún ilé, ó ti gba díẹ̀ padà nínú ohun tí ìsọ̀ jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké tó ń kú ní àdúgbò wa, ibí yìí ni àìsàn wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: àpò kan ṣoṣo ni owó ìrẹsì, owó ọbẹ̀ àti owó ilé-ìwé jọ ń gbé.

Ohun kejì ni pé gbogbo ìdúnàádúrà ló ní ẹsẹ̀ méjì. Owó kì í ṣàdédé wọlé, ó ní ibi tó ti wá. Kì í ṣàdédé jáde, ó ní ibi tó lọ. Nítorí náà a ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà. Ẹ̀gbẹ́ òsì la ń pè ní dẹ́bítì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì ni kírẹ́dítì. Ibi tí nǹkan wọ̀ gba dẹ́bítì, ibi tí nǹkan ti wá gba kírẹ́dítì. Àwọn kan yóò sọ pé báńkì kì í sọ bẹ́ẹ̀, pé kírẹ́dítì ni alẹ́ẹ̀tì máa ń kọ sórí fóònù nígbà tí owó bá wọlé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ ni báńkì ń kọ, kì í ṣe tiyín. Owó yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Nínú ìwé tiyín, owó yẹn wọlé ni, dẹ́bítì sì ni.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Àwọn oníṣòwò Venice ní ilẹ̀ Ítálì ti ń lò ó kí Luca Pacioli tó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1494. Àwọn nọ́ńbà tí a sì fi ń ṣírò owó lónìí, láti Íńdíà ni wọ́n ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni Yúróòpù ti gbà wọ́n. Leonardo ará Pisa, tó kọ ìwé lé wọn lórí ní 1202, Bugia ní etí òkun Algeria ló ti kọ́ wọn nígbà èwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dánra wò. Ká ní ìyá opó kan gba ₦300,000 láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tó. Bí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní jọ́nà, yóò ṣe rí nìyí:

Àtìní. Owó ọwọ́, dẹ́bítì ₦300,000. Ojú owó, kírẹ́dítì ₦300,000. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀.
Àtìní. Ọjà, dẹ́bítì ₦240,000. Owó ọwọ́, kírẹ́dítì ₦240,000. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a rà.
Àtìní. Owó ọkọ̀, dẹ́bítì ₦8,000. Owó ọwọ́, kírẹ́dítì ₦8,000.
Àlàmísì. Owó ọwọ́, dẹ́bítì ₦65,000; àwọn tó ra àwìn, dẹ́bítì ₦25,000; títà, kírẹ́dítì ₦90,000.
Àlàmísì. Owó lọ́dọ̀ alájọ, dẹ́bítì ₦5,000. Owó ọwọ́, kírẹ́dítì ₦5,000.
Jímọ̀. Owó tí olówò mú, dẹ́bítì ₦12,000. Owó ọwọ́, kírẹ́dítì ₦12,000. Owó ilé-ìwé ọmọ.
Jímọ̀. Owó ọwọ́, dẹ́bítì ₦10,000; àwọn tó ra àwìn, kírẹ́dítì ₦10,000. Oníbàárà kan san díẹ̀.

Ẹ kíyè sí owó alájọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kà á mọ́ ohun tí wọ́n ná. Kì í ṣe ìnáwó rárá, owó rẹ̀ ṣì ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kàn wà. Ẹ kíyè sí Jímọ̀ náà: nígbà tí oníbàárà san ₦10,000, a kò tún kọ ọ́ sí títà, nítorí a ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní Àlàmísì. Bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ó máa yọ̀ sí èrè tí kò sí.

Lẹ́yìn èyí, a ó fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́jà, a ó sì kó àwọn iye náà lọ síbẹ̀. Lójú ìwé owó ọwọ́, ohun tó kù jẹ́ ₦110,000. Iye yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí. Bí kò bá sí, kí ó wá ìdí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó gbàgbé. Bí a bá ro gbogbo dẹ́bítì tó kù pọ̀ (owó ọwọ́ 110,000, ọjà 240,000, owó ọkọ̀ 8,000, àwìn 15,000, owó tí olówò mú 12,000, alájọ 5,000) ó jẹ́ ₦390,000. Kírẹ́dítì náà jẹ́ ₦390,000: ojú owó 300,000 àti títà 90,000. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà níbì kan. Àmọ́ pé wọ́n dọ́gba kò fi hàn pé kò sí ohun tí a gbàgbé láti kọ. Ìdúnàádúrà tí a kò kọ rárá kì í da ìdọ́gba rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ìyá náà ka ọjà tó kù, ó sì rí i pé èyí tí ó rà ní ₦168,000 ṣì wà nílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé èyí tó tà, ₦72,000 ló rà á. Ó tà á ní ₦90,000. Yọ 72,000 kúrò, yọ owó ọkọ̀ 8,000 kúrò, èrè ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ ₦10,000 péré. Ṣùgbọ́n ₦12,000 ló mú fún owó ilé-ìwé. Ó ti jẹ ₦2,000 nínú ojú owó. Kò mọ̀, nítorí ₦110,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50, ₦100,000 ti lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹ fi sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò sọ pé òwò náà kò gbè é. Òwò gbè é. Èrè rẹ̀ ni kò tó ohun tó ń mú, kò sì sí ìwé tí yóò sọ fún un pé kó dín in kù, tàbí kó wá ọjà tí èrè rẹ̀ sàn ju èyí lọ.

Ní ti àwìn, gbogbo wa la mọ̀ pé āyah tó gùn jù nínú Al-Kùránì alápọ̀n-ọ́nlé, Suratul Baqarah āyah 282, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ó pàṣẹ pé kí a kọ ọ́, kékeré ni tàbí ńlá, pẹ̀lú àsìkò tí a ó san án àti ẹlẹ́rìí. Ó sì fàyè gba òwò ojú ẹsẹ̀, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a kò bá kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò lè kọ gbogbo rẹ̀ lóòjọ́, kó má fi orúkọ oníbàárà aláwìn, iye àti ọjọ́ ṣeré.

Ẹ̀yin tí òwò yín ti tóbi, ìwé yìí kan náà ni ẹ ó fi yọ sàká. Nísàábù rẹ̀ ni iye owó tó ra wúrà gíráàmù 85, ìdá kan nínú 40 ni a sì ń yọ nígbà tí ọdún òṣùpá bá pé. Nínú mádíhábì Imam Malik, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, oníṣòwò tó ń tà tó sì ń rà láìdúró ní láti díyelé ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún. Iye tí ọjà náà ń lọ lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣírò ni ẹ ó lò, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Ẹ ó ro owó ọwọ́, owó báńkì àti owó alájọ mọ́ ọn, pẹ̀lú àwìn tí ó dá yín lójú pé wọn yóò san. Ẹ ó yọ gbèsè tí àsìkò rẹ̀ ti tó kúrò. Ẹ̀rọ ìránṣọ, fírísà, àga àti pẹpẹ ìpatẹ kò sí níbẹ̀, nítorí a kò rà wọ́n láti tà.

Ká ní alágbàtà kan ní ọjà tó tó ₦21,000,000, owó ₦4,000,000, àwìn tó dájú ₦1,500,000, ó sì jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún un ní ₦2,500,000. Ó kù ₦24,000,000. Bí ó bá ti kọjá nísàábù ọjọ́ náà, sàká rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Bí ó bá fi ojú wọ̀n ọ́n tó yọ ₦200,000, ẹ̀tọ́ àwọn aláìní tó jẹ́ ₦400,000 ṣì wà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́ òṣùpá sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ti òyìnbó nínú jọ́nà, nítorí ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú, ẹni tó bá sì ń ka December sí December yóò máa fi sàká falẹ̀ lọ́dọọdún.

Alágbàtọ́ tó bá ń fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò, kó ṣí ojú ìwé ọ̀tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: owó tó gbà lọ́wọ́ ẹbí, ìpín èrè, ohun tó ná lórí ọmọ náà àti ọjọ́ tó ná an. Suratu Nisai āyah 6 sọ pé kí ẹlẹ́rìí wà nígbà tí a bá ń dá ohun ìní wọn padà fún wọn. Ojú ìwé yẹn ni alágbàtọ́ yóò ṣí níwájú àwọn ẹlẹ́rìí náà. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ̀wé kọ, kó máa pè é fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ní alaalẹ́ kí ó bá a kọ ọ́, lẹ́yìn ìrun Iṣái, kó tó sùn.