Katakata Ọgbà Tó Dàgbà Ju Ẹni Tó Ń Wà Á Lọ

Ní ìlú South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1946, Cecil Pond àti Elmer bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe katakata kékeré fún àwọn onílé tí ilẹ̀ wọn kò fẹ̀ tó èyí tí katakata oko ńlá lè yí padà nínú rẹ̀. Wheel Horse ni wọ́n pè é. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn sójà ń padà wálé, wọ́n ń kọ́lé sẹ́yìn ìlú, koríko iwájú ilé sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Ní ìparí ọdún 1960, International Harvester, tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́, gbé Cub Cadet jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Louisville, Kentucky. John Deere tẹ̀lé e lọ́dún 1963 pẹ̀lú katakata 110, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Horicon, Wisconsin.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn katakata wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Wọn kì í ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko lásán tí wọ́n gbé àga lé lórí. Wọ́n ń fa ohun ìtúlẹ̀, wọ́n ń fa ọmọlanke, wọ́n sì ń ti òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà òtútù. Gíà tó wà nínú Cub Cadet àkọ́kọ́, ara ti Farmall Cub ni wọ́n ti mú un, katakata oko gidi. Ìdí nìyẹn tí ẹni ọdún márùndínlógójì fi lè máa fi katakata tí bàbá bàbá rẹ̀ rà gé koríko.

Ohun tó mú kí wọ́n pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe wọ́n gbà pé wọn yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ṣe wọ́n ní ọ̀nà tí ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù yóò fi lè tú wọn, kó sì tún wọn tò. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Kohler tí a ń pè ní K. Cub Cadet àkọ́kọ́ àti John Deere 110 àkọ́kọ́, K161 tó ní agbára ẹṣin méje ló wà nínú méjèèjì. Ilé iṣẹ́ Kohler náà, ní Wisconsin, ló ń ṣe ọpọ́n ìwẹ̀ àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn oníléńlá ń rà. Irin dídà tó nípọn ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yìí. Bí písítìnì bá ti họ ihò inú rẹ̀, wọn kì í sọ ọ́ nù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ léèdì yóò gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì fi písítìnì tó sanra jù ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Títóbi mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣe irú písítìnì bẹ́ẹ̀ sí, èyí tó tóbi jù sì fi 0.030 ínǹṣì péré ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Bí katakata bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sáré ra nǹkan tuntun. Ohun mẹ́ta ló ń wò: ṣé púlọ́ọ̀gì ń taná, ṣé epo ń dé inú ẹ́ńjìnnì, ṣé kọ́mpírẹ́ṣọ̀n wà? Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò rí ti mọ ọ̀nà yìí. Iná ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Nínú ẹ́ńjìnnì K, kọ́ǹtáàtì tó ń já iná kí púlọ́ọ̀gì lè ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù níta, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton àtijọ́, abẹ́ fuláiwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ló fara pamọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò kọ́kọ́ fa fuláiwíìlì náà yọ. Ti Kohler kò gba wàhálà. Wọn yóò nu ojú kọ́ǹtáàtì náà kó mọ́, wọn yóò sì wọn àlàfo rẹ̀ sí 0.020 ínǹṣì, nǹkan bí ìdajì mílímítà. Ti púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.035 ínǹṣì. Nítorí pé bátìrì ló ń fún kọ́ìlì níná nínú àwọn katakata wọ̀nyí, bátìrì tó ti kú lè mú kí ènìyàn rò pé kọ́ìlì ló bàjẹ́.

Epo ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lóde òní. Pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ibùdó epo ní Amẹ́ríkà ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, ó máa ń tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe ni. Ọtí yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì pẹ́ nínú táǹkì, òun àti omi náà á ya kúrò lára epo, wọn á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Rọ́bà inú katakata ọdún 1965 kò mọ irú epo bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè wú, ó sì lè já. Nítorí náà, ẹni tó bá ń jí katakata tó ti sùn fún ọdún pípẹ́ yóò da epo ògbólógbòó nù, yóò pààrọ̀ rọ́bà epo, yóò tú kábúrétọ̀, yóò sì fọ gbogbo ihò tín-ín-rín inú rẹ̀. Síkúrúù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dín epo kù tàbí tí wọ́n fi ń fi kún un wà lára kábúrétọ̀ náà. Ẹ má ṣe fi agbára dè é. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ní ojú ọgbẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti há ńkọ́? Àwọn kan a fi ọkọ̀ fa katakata náà pẹ̀lú gíà lára, kí táyà lè fi tipátipá yí i. Ìwà ìkà sí ẹ̀rọ ni. Ó lè ṣẹ́ rííngì, ó sì lè ba kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kírańkì, jẹ́. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wọ inú ìpẹtà sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wá fi ọwọ́ mi fuláiwíìlì síwá sẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni kò gba àṣìṣe rárá. Ẹ́ńjìnnì K onísìlíńdà kan kò ní ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì kiri. Irin kékeré kan tó wà nídìí kọ́ńrọ́ọ̀dù ló ń bọ inú ọ́ìlì tó sì ń fọ́n ọn ká bó ṣe ń yí. Álúmíníọ̀mù ni kọ́ńrọ́ọ̀dù náà, ara kírańkì ló sì ń yí lé tààrà, kò sí bíárìn láàárín wọn. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń wa katakata lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà jù, kọ́ńrọ́ọ̀dù yóò gbẹ, yóò lẹ̀, yóò ṣẹ́. Irin tó ṣẹ́ náà lè lu búlọ́ọ̀kù jáde. Ẹ̀rọ tó la ọgọ́ta ọdún já lè ti báyìí kú láàárín ìṣẹ́jú kan nítorí agolo ọ́ìlì kan péré. Kí ènìyàn máa wo ọ̀pá ọ́ìlì kó tó tan iná kò náni ní kọ́bọ̀.

Gíà ìmúdọ́gba náà tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì K onísìlíńdà kan tó ní agbára ẹṣin mẹ́wàá sókè, Kohler fi gíà méjì kan sí inú ikùn wọn kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbọ̀n jù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba gbogbo inú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe kì í dá a padà mọ́ bí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnnì náà. Yóò gbọ̀n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn olówó rẹ̀ yóò balẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì yìí tutù, kì í lo omi. Eku fẹ́ràn láti kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ páànù tó bo fuláiwíìlì, koríko gígé náà a sì máa dí ibẹ̀. Kí wọ́n ṣí páànù náà kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́, nítorí ooru á kọ́kọ́ ba ojú fááfù àti gáskẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ọ̀dà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í. Òótọ́ ni pé àwọ̀ rẹwà. Lọ́dún 1969, John Deere tiẹ̀ gbé àwọn katakata funfun kan jáde tí oníbàárà lè yan bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àga wọn ní pupa, ọsàn, búlúù tàbí ìyeyè, àwọn olùkójọ sì ń wá wọn kiri dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun lórí gíà tó ń jo ọ́ìlì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìpẹtà ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá jà. Ọ̀nà kan tó dára ni kí wọ́n ri irin náà sínú omi tí wọ́n po sóòdà ìfọṣọ sí, kí wọ́n so ẹnu òdì ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára mọ́ ọn, kí wọ́n sì so ẹnu kejì mọ́ irin àlòkù mìíràn tó wà nínú omi náà láìfara kàn án. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, nítorí háídírójìn tó ń jáde lè gbaná. Wọn kò sì gbọdọ̀ lo irin tí kì í dípẹtà fún ẹnu kejì yẹn, nítorí májèlé tó máa ń bọ́ sínú omi láti ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohun èlò, nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, pàápàá èyí tí Kohler ń pè ní spec, torí ẹ́ńjìnnì méjì tó jọra lójú lè má gba ohun èlò kan náà.

Bí ìgbà òtútù bá dé tí katakata kò ní ti òjò dídì, wọn yóò tan ẹ́ńjìnnì náà kó gbóná, wọn yóò da ọ́ìlì rẹ̀ nù nígbà tó ṣì ń ṣàn, wọn yóò sì bu tuntun sí i. Wọn yóò fa epo táǹkì àti ti kábúrétọ̀ gbẹ. Wọn yóò yọ púlọ́ọ̀gì, wọn yóò da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú sìlíńdà, wọn yóò fi ọwọ́ yí fuláiwíìlì díẹ̀ kó lè ká inú, wọn yóò dá púlọ́ọ̀gì padà, wọn yóò sì gbé bátìrì wọlé.