Bí ilé ọkọ bá di ojú ogun: Ibi tí obìnrin lè sá sí n'Íkẹjà àti Agége

Ní ìdájí, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ bá ń jáde láwọn iléeṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ọba Akran n'Íkẹjà, tí àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ àárọ̀ sì ń wọlé, kì í ṣe ohun tuntun kéèyàn rí obìnrin tó fa gèlè wálẹ̀ bo ojú kan. Bí wọ́n bá bi í, á ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, oníkálukú á sì gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àwọn tó wà lóko. Láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ n'Íkẹjà, ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ti ń rọ́ wá síbẹ̀ láti wáṣẹ́, tí wọ́n ń gba yàrá kan ṣoṣo l'Ágége, n'Ífàkọ̀ àti l'Ógbà. Ogiri irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣírí. Gbogbo ará ilé ló ń gbọ́ igbe lóru, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá sí i. Àwọn kan máa ń sọ pé àìríṣẹ́ ló fà á. Lóòótọ́, nígbà tí iléeṣẹ́ táyà Dunlop n'Íkẹjà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́dún 2008, ọ̀pọ̀ ilé ló gbóná. Àmọ́ ọkùnrin tí kò níṣẹ́ tí kò sì gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó pọ̀ bí erùpẹ̀, olówó tó ń na ìyàwó náà kò sì wọ́n. Ẹni tó bá fi àìlówó ṣe àwáwí, kó sọ ohun tí ìyàwó jẹ nínú ẹ̀.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó ti lọ́kọ rí, 36 ni ọkọ ti lù, tó ti fipá bá lòpọ̀, tàbí tó ti fi ọ̀rọ̀ àti ìdẹ́rùbà dà láàmú. Èyí tó dunni jù ni pé nínú àwọn obìnrin tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ, ó lé ní ìdajì tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí kò sì wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Àwọn tó wá ìrànlọ́wọ́, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí tiwọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà lọ. Kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ìyá àti bàbá tó wà nílé lọ́hùn-ún ni kóòtù àkọ́kọ́.

Ìdájọ́ wo ni kóòtù yìí sì máa ń dá? Ọmọ á pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù lóru, ìyá á ní, "Ìyá Bọ̀lá, fara dà á, ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Ṣé o fẹ́ wá dálémọṣú ni?" Bàbá á pe ọkọ, á bẹ̀ ẹ́, ọkọ á tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ títí di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn yìí ló léwu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n bá obìnrin òṣìṣẹ́ báǹkì kan nílé ọkọ ẹ̀ n'Ísọlọ̀ níbi tí wọ́n ti gún un lọ́bẹ pa. Lọ́dún 2014, Onídàájọ́ Lateefa Okunnu ti ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà dá ẹjọ́ ikú fún ọkọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olórin ẹ̀mí, Osinachi Nwachukwu, kú l'Ábùjá ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú ẹ̀ ń rí, ọdún 2025 sì ni ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ọkọ ẹ̀. Ìdájọ́ méjèèjì kò jí òkú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé láti ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Òfin náà kò mọ sí lílù nìkan. Fífi ebi pani, fífi owó oúnjẹ duni, bíba ẹrù ẹni jẹ́, dídẹ́rù bani, títọ ipa ẹni kiri, àti dída ásíìdì síni lára, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Obìnrin lè lọ sílé ẹjọ́ láti gba ìwé àṣẹ tí yóò ká ọkọ lọ́wọ́ kò, adájọ́ sì lè ní kí ọkùnrin náà má ṣe wọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ bá ká obìnrin náà láyà jù, ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ lógún, bíi nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà, lè bá a béèrè, bó bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù náà wà lábẹ́ òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n yọjú.

Ibo wá ni kéèyàn gbà? L'Ágége, àgọ́ ọlọ́pàá Ìsọkọkọ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìjọba Èkó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 2014 fún ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀. Lọ́dún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin tó sọ ìgbìmọ̀ náà di àjọ gidi, òun ni wọ́n ń pè ní DSVA. Nọ́ńbà wọn ni 08000333333, pípè é kò gba owó. Ní ọgbà ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà, Mirabel Centre ti wà láti ọdún 2013, òun sì ni irú ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀. Kí onítọ̀hún má ṣe wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀, kó tètè débẹ̀, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì kò wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá.

Ti ibi tí wọn yóò sùn ló máa ń le jù. Èèyàn lè ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin kó má sì ní ẹní tó máa tẹ́. Project Alert, tí Josephine Effah-Chukwuma dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ló kọ́kọ́ ronú kan èyí, tí wọ́n fi ṣí ilé ààbò tí wọ́n ń pè ní Sophia's Place fún ìyá tọmọ. Wọn kì í sọ àdúgbò tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, kí ọkọ má baà tọpasẹ̀ wọn débẹ̀. Ní ti ẹjọ́, iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba Èkó, tí wọ́n ń pè ní OPD, máa ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò sí irọ́ nínú ẹ̀ pé ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ọlọ́pàá mìíràn ṣì wà tí yóò sọ pé kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ni yóò tún padà nítorí ọmọ àti owó iléèwé kó tó di pé ó lọ pátápátá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú u fún èyí. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká. Ti kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lágbára lórí ẹ̀, bí ìgbéyàwó náà kò bá sì tíì pé ọdún méjì, àfi kí adájọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè pe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò kó ọmọ, ohun tó máa ṣe ọmọ náà láǹfààní ni adájọ́ ń wò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà n'Íkẹjà tàbí l'Ágége, bó bá pè yín lóru, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ibi tó wà nísinsìnyí ní ààbò. Ẹ ní kó gba ìwé ọsibítù, kó ya àwòrán ojú ọgbẹ́, kó sì fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán. Kó kó ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, ìwé iléèwé tiẹ̀, owó ọkọ̀ àti aṣọ méjì sínú báàgì kan, kó gbé e sílé ọ̀rẹ́ tí ọkọ kò mọ̀. Kó má ṣe sọ fún ọkọ pé òun fẹ́ lọ, nítorí ìgbà tí obìnrin bá ń múra àtilọ ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń burú jù. Bó bá sì dé ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú báàgì náà, ẹ ṣílẹ̀kùn.