Wíwá Ẹ̀yà àti Ìmọ̀ràn fún Ọkọ̀ Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Ọkọ̀ Ìjàpá ní Máfolúkù

1.0 Ìfáárà

Volkswagen Beetle ni ọkọ̀ tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá. Ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀, tó rí roboto bí igbá ìjàpá, ni ó fún un ní orúkọ yìí. Ọkọ̀ náà kò wọ́pọ̀ ní títì Èkó mọ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ kò tíì parun. Àwọn kan jogún tiwọn lọ́wọ́ bàbá wọn. Àwọn mìíràn rà á nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ìṣòro tó dojú kọ gbogbo wọn pín sí méjì. Èkínní ni ibi tí wọn yóò ti rí ẹ̀yà tí wọn yóò fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Èkejì ni ẹni tí yóò sọ irú ẹ̀yà tó yẹ fún wọn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti èkínní ni ó le jù. Iṣẹ́ yìí yóò gbìyànjú láti fi hàn pé èkejì gan-an ni ó ń sọ ọkọ̀ di irin àlòkù.

Máfolúkù, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ni a fi ṣe ibùdó àlàyé. Àdúgbò yìí wà nítòsí títì mọ́tò Agége àti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹni tó bá sì kúrò níbẹ̀, tó la Òṣòdì kọjá, kò ní í pẹ́ dé ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀yà bá ṣọ̀wọ́n fún ẹni tó wà ní irú ibi báyìí, ó yẹ kí a wádìí ohun tó fà á.

2.0 Bí Ẹ̀yà Ṣe Di Ohun Ọ̀wọ́n

Ilé iṣẹ́ Mandilas ni ó ń kó ọkọ̀ Volkswagen wọ Nàìjíríà kí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní 1975. Ìjàpá wà lára ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tò níbẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ẹ̀yà tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aṣojú ilé iṣẹ́, iye tí wọ́n ń tà á kò ṣòro láti mọ̀, ìwé ìtọ́nisọ́nà sì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Volkswagen dáwọ́ ṣíṣe ìjàpá dúró ní Jámánì ní 1978, àmọ́ wọ́n ń ṣe é lọ ní Mẹ́síkò àti ní Brazil. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun lórí owó ilẹ̀ òkèèrè, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Agbára náírà sọ̀ kalẹ̀ lọ́gán, ohun gbogbo tó ń ti òkèèrè wá sì gbówó lórí. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gba títì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọjọ́ tòní ni ti ilẹ̀ Japan, tí omi ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára. Oníṣòwò a máa tẹ̀lé oníbàárà. Ẹ̀yà tí ọ̀pọ̀ ń béèrè ni ó ń kó sí ìsọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìjàpá ìkẹyìn ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje 2003, iye tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ọ̀pọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ẹ̀yà rẹ̀ tán nílé ayé. Ohun tó ṣòro ni bí ẹni tó wà ní Máfolúkù yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.

3.0 Ojú Jọra, Inú Kò Dọ́gba

Ẹni tí kò mọ ìjàpá yóò rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ẹ́ńjìnnì 1200, 1300, 1500 àti 1600 ni ó wà nínú wọn. Bátìrì fólítì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú ń lò. Lẹ́yìn náà ni ti fólítì méjìlá gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gílóòbù fólítì mẹ́fà sí ọkọ̀ olófólítì méjìlá, yóò jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bóòtù márùn-ún ni ó ń di táyà àwọn ti ìṣáájú mú. Mẹ́rin ni ti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn. Irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú dúró pàápàá yí padà láàárín 1965, ó sì tún yí padà nínú àwọn 1302 àti 1303 tó jáde láti 1970.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Ta ni ó ń tà á?” bí kò ṣe “Ọkọ̀ wo ni èyí?” Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń dáhùn. Nọ́ńbà ṣásí wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lórí irin tó la àárín ọkọ̀ já. Fún ọkọ̀ Jámánì tí wọ́n ṣe láti oṣù kẹjọ 1964, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀, ìkẹta sì ń sọ ọdún. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 118, ọkọ̀ ọdún 1968 ni. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ọdún ilé iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá 1967, ọkọ̀ 1968 ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá fi ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ nìkan ra ẹ̀yà lè tipa báyìí ṣi ọjà rà.

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan náà ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án tirẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí irú ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ìkẹrin ń sọ apá ibi tó wà: 1 fún ẹ́ńjìnnì, 3 fún jíà, 6 fún táyà àti búrẹ́ẹ̀kì, 8 fún ara ọkọ̀, 9 fún iná. Bí lẹ́tà bá tẹ̀lé nọ́ńbà wọ̀nyí, ó fi hàn pé ilé iṣẹ́ ti ṣe àtúnṣe sí ẹ̀yà náà.

4.0 Ọjà àti Ewu Inú Rẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yàtọ̀ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ wà ní Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọwọ́dẹ Onírin wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú fún àwọn tó ń wá ẹ̀yà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Oríṣi ẹ̀yà mẹ́ta ni ó wà lọ́jà: tuntun; àlòkù láti òkèèrè, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù; àti èyí tí wọ́n tún ṣe ní ilé. Ojúlówó àti ayédèrú sì dàpọ̀ mọ́ra nínú èyí tí wọ́n ń pè ní tuntun.

Àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí ènìyàn tú èyí tó bàjẹ́, kí ó mú un dání lọ sí ọjà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àṣà yìí dára, nítorí pé ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Síbẹ̀ ó ní àléébù méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà tí wọ́n tú yẹn gan-an kì í ṣe ti ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì kan lè ti fi tipátipá dè é mọ́ ọn ní ogún ọdún sẹ́yìn. Àṣìṣe àtijọ́ ni oníbàárà yóò tún fi owó tuntun rà. Lọ́nà kejì, ojú kò lè mọ ọjọ́ orí rọ́bà. Rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kabirétọ̀ lè máa dán nínú ọ̀rá rẹ̀ kí ó sì ti gbẹ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà. Bí epo bá jò sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, iná lè sọ kí awakọ̀ tó mọ̀. Bákan náà, rọ́bà búrẹ́ẹ̀kì tó ti wú nínú lè dí ọ̀nà epo búrẹ́ẹ̀kì. Ní ti irú ẹ̀yà báyìí, ẹ̀mí ni ó wà nínú ewu, kì í ṣe owó nìkan.

5.0 Ìmọ̀ràn

Mẹkáníìkì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nípa rírí, fífọwọ́kàn àti gbígbọ́. Èdè iṣẹ́ náà fi èyí hàn: ọkọ̀ a máa wúkọ́, a máa jẹ ọ́ìlì, a sì máa ta ìbọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn wọ̀nyí jẹ́ àkójọ ìrírí, ó sì ń tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìwúlò ìrírí yìí hàn. Ká ní ẹ́ńjìnnì ìjàpá ń gbóná jù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ olómi yóò wá ibi tí omi ti ń jò, kò sì ní í rí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó ń tu ìjàpá lára. Ó lè wá dá a lábàá pé kí olówó ọkọ̀ ra píìsìtìn tuntun. Ẹni tó mọ ìjàpá yóò kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì, nítorí bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí dáínámò àti fáànù. Bí ó bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò wo àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká àti rọ́bà tó dí etí wọn. Bí ẹnìkan bá ti sọ rọ́bà yìí nù nígbà tó ń tú ẹ́ńjìnnì, ooru tó ń jáde nísàlẹ̀ yóò padà gòkè, fáànù yóò sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sórí ohun tó fẹ́ tù. Píìsìtìn tuntun kò lè wo àìsàn yìí sàn. Olówó ọkọ̀ yóò náwó, ẹ́ńjìnnì yóò tún bàjẹ́, yóò sì gbà pé ọkọ̀ náà ti gbó jù. Ìmọ̀ ni ó ṣaláìsí níbẹ̀. Ẹ̀yà kò wọ́n.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àwọn irin àlòkù tó wà ní ìgun ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àgbà ni àkísà rẹ̀. Ó mọ ara ọkọ̀ tó ti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ òde òní ń kọ́ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni yóò fi jẹun. Ṣùgbọ́n bí àgbà náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó gba ìmọ̀ rẹ̀, òkìtì irin rẹ̀ yóò di ti oníwọ̀n, tí yóò rà á ní kílò.

6.0 Ìkádìí

Ohun tó ti hàn ni pé ẹ̀yà, orúkọ ẹ̀yà àti ìmọ̀ lórí ẹ̀yà kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ ní láti kọ nọ́ńbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ó má ṣe sọ ẹ̀yà tó tú nù kí tuntun tó wọlé tó sì ṣiṣẹ́, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Gbólóhùn tí àwọn mẹkáníìkì Máfolúkù fi ń pe àìsàn ọkọ̀ yẹ ní gbígbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣì ń lò ó, pẹ̀lú àlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá dúró títí ọkọ̀ ìjàpá yóò fi tán, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn yóò bá; kò ní í sí ẹni tí yóò fi ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà hàn wọ́n.