Kòkòrò tó ń ṣe ògì àti irú: Ẹ jẹ́ kó ní àkọsílẹ̀, owó ni

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, omi ló ń mú ògì kan. Àmọ́ àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis, ló ń sọ hóró tí wọ́n sè di irú tó ń ta sánsán ní Ọjàaba.

Ẹni tó ń ṣe ògì tà ní Bẹyẹrúnká lè ní kòkòrò tó dáa nínú ìkòkò rẹ̀ láìmọ̀. Tó bá fi omi gbígbóná fọ ìkòkò náà, ó lè pàdánù rẹ̀, kí adùn ògì yí padà, kí oníbàárà sì gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìwádìí fi ń kó wọn jọ, tí wọ́n ń gbẹ wọ́n sínú ìgò tàbí tí wọ́n ń gbé wọn sínú òtútù tó le ju ti fìríìjì lọ. Ṣùgbọ́n ìgò tí kò ní àkọsílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹrù tí a kò mọ olówó rẹ̀. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ló ń sọ nọ́ńbà kòkòrò náà, ìlú tí wọ́n ti mú un, iṣẹ́ tó lè ṣe àti ibi tí èèyàn ti lè rí i gbà. Ọdún 1966 ni wọ́n dá ibùdó àkọsílẹ̀ àgbáyé, WDCM, sílẹ̀ ní Australia. Ó ti wà ní Beijing, ní Ṣáínà, láti ọdún 2010.

Ìbàdàn náà ti jẹ èrè irú iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà bu lè da oró aflatoxin, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, sínú wọn. Iléeṣẹ́ IITA àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣa mẹ́rin tí kò ní oró nínú ìran rẹ̀ láti ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì fi ṣe Aflasafe, tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2014. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n ọn sóko, àwọn tí kò ní oró yóò gba ibùgbé mọ́ àwọn olóró lọ́wọ́. Láìsí àkọsílẹ̀ tó péye, ta ni ìbá mọ èyí tó lóró yàtọ̀ sí èyí tí kò ní?

Ẹ̀tọ́ tún wà níbẹ̀. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, sọ pé kí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ nínú èrè rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni ẹ̀rí.

Nítorí náà, bí àwọn olùwádìí bá wá gba ògì tàbí irú lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fún un, kí ẹ sì gba ìwé. Nílé, ẹ máa kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi rẹ àgbàdo àti bí ògì náà ṣe rí sílẹ̀. Tó bá dáa, ẹ fi díẹ̀ nínú omi rẹ̀ pamọ́ síbi tó tutù, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn.