Yo Eddy, kẹ̀kẹ́ agunkè
Irin. Fat City Cycles, Somerville, Massachusetts, Amẹ́ríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ọ̀nà igbó ni wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ yìí fún, ọ̀nà tó kún fún gbòǹgbò àti òkúta. Chris Chance ló dá ilé iṣẹ́ Fat City sílẹ̀ ní 1982. Òṣìṣẹ́ wọn kò pọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jó irin mọ́ irin.

Ẹ wo apá méjì tó gbá táyà iwájú mú. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú nísàlẹ̀. Èyí nà gbọnrangandan. Kò sí sípíríǹgì níbẹ̀. Apá ẹni tó ń gùn ún ló ń gba gbogbo gbígbọ̀n ọ̀nà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjà ń yí padà. Àwọn oníbàárà ń fẹ́ sípíríǹgì, wọ́n tún ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù láti ilé iṣẹ́ ńlá. Ní 1994 wọ́n ta Fat City, wọ́n sì kó o lọ sí South Glens Falls, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kò bá a lọ. Lójú tiwa, àdánù yẹn ju títà náà lọ, torí ìmọ̀ ọwọ́ kò ṣeé dì sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 1995, díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó kù sẹ́yìn dá ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tiwọn, Independent Fabrication, sílẹ̀ ní Somerville. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, Fat City ti kógbá sílé.